Ojú Ìwé Mẹ́rìndínlógún

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù
mo máa ń gbé àga mẹ́sàn-án gun àtẹ̀gùn
lọ sí yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín Gwilym,
ní Aberaeron, létí òkun ilẹ̀ Wales,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè.
Kò sí ìwé wa kan tí kì í rùn fínígà.

Ìwé àjèjì là ń kà, tuntun, èyí tó ṣòro í gbà gbọ́:
ọkùnrin tó yá àwọn aládùúgbò lórúkọ rẹ̀,
tí ẹnì kankan kò dá a padà;
obìnrin tó bí àtẹ̀gùn, tó ń gbá a láràárọ̀;
ìlú tí gbogbo aago rẹ̀ lóyún.
Welsh là ń sọ láàárín ara wa,
Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló bí i:
omi tó ti gba inú ìkòkò mẹ́ta kọjá,
a sì ń mu ún, a ní ó dùn.
Bronwen ní, "Eluned, ṣé kò sí ìwé
tí ènìyàn ti ń gbéyàwó, tó sì parí síbẹ̀?"
Mo ní ó wà. Mo ní kì í ṣe níbí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lu òǹtẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́.
Létà ayé gbogbo gba ọwọ́ mi kọjá, n kò ṣí ọ̀kan.
Bóyá ìdí tí mo fi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nìyẹn:
ó ń wù mí kí n ka ohun tí wọn kò kọ sí mi.

Lóṣù Kejì, ìwé kan ti Estóníà wá,
ìtàn odò tó fẹ́ kúrò nílùú.
Lójú ìwé kejìléláàádọ́fà, odò ṣì ń ṣàn.
O ṣí i báyìí, odò ti wọ bàtà,
ó ti jókòó síwájú adájọ́.

Wákàtí méjì la fi jiyàn.
Idris, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ní fífò yẹn gan-an lẹwà ìwé:
"Ta ló ń ṣàlàyé ìbànújẹ́ fúnni?
O jí lówùúrọ̀, o bá a nínú bàtà rẹ."
Bronwen ní olùtumọ̀ ló mutí yó.
Emyr, tí ìwé kan kò wù rí, tí kì í pa ìpàdé jẹ,
sunkún díẹ̀, ó ní fínígà ló ta sí òun lójú.
Èmi náà sọ̀rọ̀ lórí ìdákẹ́jẹ́.
Mo sọ ọ́ dáadáa. Ohùn ara mi dùn mọ́ mi.

Tegwen nìkan ni kò sọ nǹkan kan.
Nígbà tí tíì tutù tán, ó ní,
"Ẹ má bínú. Ẹṣin yẹn ńkọ́?"
Ẹṣin wo?
"Ẹṣin tó ń bẹ odò. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu.
A wá ń ṣí ìwé bí ẹni ń ka owó tó dín:
mẹ́jọ tí mo rà pa pọ̀, ihò kan náà ló wà nínú wọn.
Ti Tegwen, pọ́n-ùn kan ní bàsá ṣọ́ọ̀ṣì, ló pé.

"Kà á fún wa," ni Idris wí.
Emyr di etí rẹ̀. "Mo ti sunkún tèmi tán.
Ẹ má fi ẹṣin bà á jẹ́."
A dìbò: mẹ́rin, mẹ́rin.
Tegwen kọ̀, kò dìbò. Ó ní ẹni tó ti yó
kì í dá sí ọ̀rọ̀ ebi.
Gwilym kígbe nísàlẹ̀ pé òun fẹ́ tilẹ̀kùn.

Orí àga ló gbàgbé ìwé náà sí.
Mo fi bébà ẹja wé e, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i,
mo rìn nínú òjò, mo tì í gba ihò létà ilé rẹ̀ wọlé.
Ẹ má bi mí bóyá mo ṣí i lójú ọ̀nà.
Ọgbọ̀n ọdún, n kò ṣí létà ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹṣin náà yarọ.
Ẹsẹ̀ òsì ni.